Ẹ Ṣí Ìwé Owó Yín Kí Ẹ Tó Ti Ilẹ̀kùn: Lẹ́tà Ṣíṣí sí Kọmíṣọ́nnà Bésíbọ́ọ̀lù Amẹ́ríkà

Sí Ọ̀gbẹ́ni Rob Manfred, Kọmíṣọ́nnà Major League Baseball, àti ẹ̀yin olówó tí ẹ ni kíláàbù ọgbọ̀n tó wà nínú líìgì náà,

Ẹ kú iṣẹ́ o. Tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀ ni mo fi ń kọ̀wé sí yín. Gbangba ni mo sì ń kọ ọ́, nítorí owó aráàlú wà nínú ohun tí mo fẹ́ sọ: owó tíkẹ́ẹ̀tì, owó tẹlifíṣọ̀n, àti owó orí tí ìjọba fi ń bá yín kọ́ pápá ìṣeré.

Ọjọ́ 1 oṣù Kejìlá ọdún 2026 ni àdéhùn tó wà láàárín yín àti ẹgbẹ́ àwọn eléré máa parí. Gbogbo ẹni tó ń tọ ọ̀rọ̀ yìí lẹ́yìn ló ti gbọ́ ohun tí púpọ̀ nínú yín fẹ́ gbé wá síbi ìdúnàádúrà: gbèdéke lórí iye tí kíláàbù lè ná sórí owó eléré. Ọ̀gbẹ́ni Kọmíṣọ́nnà, ẹ̀yin fúnra yín sọ fún oníròyìn ní oṣù Kìíní ọdún 2025 pé bí a bá ti ilẹ̀kùn mọ́ àwọn eléré (ìyẹn ni pé kí àwọn olówó dá iṣẹ́ dúró títí àdéhùn tuntun fi wà) ní àkókò tí ìdíje ò sí, ó ní agbára tó ń fún ẹni tó tì í nínú ìdúnàádúrà. A mọ̀ pé ẹ lè ṣe é, torí ẹ ti ṣe é rí: ọjọ́ 2 oṣù Kejìlá 2021 ni ẹ tì í, ọjọ́ 10 oṣù Kẹta 2022 ni ẹ tó ṣí i. Ọjọ́ 99 gbáko.

Ohun tí mo ní í sọ kò pọ̀. Ẹ ò lè ní kí àwọn eléré gba gbèdéke nígbà tí ẹnikẹ́ni ò mọ iye tó ń wọ àpò yín àti iye tí ẹ ń pín láàárín ara yín. Ẹ ṣí ìwé owó ná, kí ìjíròrò tó bẹ̀rẹ̀. Ìdí tí mo fi sọ bẹ́ẹ̀ nìyí.

1. Ìjà yín ni, kì í ṣe ìjà àwọn eléré

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ látorí ọdún 1994, torí ibẹ̀ la ti mọ bí irú èyí ṣe ń parí. Ní oṣù Kìíní ọdún náà, àwọn olówó kíláàbù fẹnu kò pé àwọn tó ń rí jẹ máa yọ nínú owó wọn fún àwọn tí kò rí tó. Ṣùgbọ́n wọ́n so ó mọ́ ohun kan: àfi tí àwọn eléré bá gba gbèdéke. Ìyẹn ni pé owó tí olówó kan fẹ́ fún olówó kejì, ara owó eléré ni wọ́n ti fẹ́ rí i yọ. Àwọn eléré kọ̀. Ọjọ́ 12 oṣù Kẹjọ ni wọ́n daṣẹ́ sílẹ̀, nígbà tó sì di ọjọ́ 14 oṣù Kẹsàn-án, wọ́n fagi lé World Series, ìdíje àṣekágbá ọdún, ohun tí Ogun Àgbáyé méjèèjì ò rí ṣe. Ọjọ́ 232 ni eré fi dúró. Adájọ́ Sonia Sotomayor ló pàṣẹ ní ọjọ́ 31 oṣù Kẹta 1995 pé kí ẹ dá òfin àtijọ́ padà kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀.

Ta ló wá jìyà jù? Montreal Expos. Kíláàbù kékeré ni, irú èyí tí wọ́n ní torí rẹ̀ làwọn ṣe ń jà. Lọ́jọ́ tí eré dúró, òun ló ń léwájú gbogbo líìgì: ó ti borí ní 74, ó pàdánù 40. Sáà yẹn ò parí láéláé. Kí sáà tó tẹ̀ lé e tó bẹ̀rẹ̀, wọ́n ti fi Marquis Grissom, John Wetteland àti Ken Hill ránṣẹ́ sí kíláàbù mìíràn, Larry Walker náà sì ti bá tiẹ̀ lọ. Lẹ́yìn ọdún 2004, Montreal ò ní kíláàbù mọ́. Washington ni wọ́n kó o lọ.

Bí ọ̀rọ̀ ṣe rí nígbà yẹn náà ló rí lónìí. Ohun tó ya Los Angeles sọ́tọ̀ kúrò lára Milwaukee kì í ṣe ojúkòkòrò eléré, owó tẹlifíṣọ̀n ìbílẹ̀ ni. Àdéhùn tí Dodgers, kíláàbù Los Angeles, ṣe pẹ̀lú ilé iṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n Time Warner Cable, tó bẹ̀rẹ̀ ní 2014, jẹ́ bílíọ̀nù 8.35 dọ́là fún ọdún 25. Ẹ pín in wò: ó lé ní mílíọ̀nù 330 lọ́dún kan, kí ẹnì kan tó ra tíkẹ́ẹ̀tì. Lápá kejì, Diamond Sports, tó ń gbé eré kíláàbù 14 sáfẹ́fẹ́ nígbà náà, wọ ilé ẹjọ́ lọ kéde pé àwọn ò lè san gbèsè ní oṣù Kẹta 2023. Nígbà tó fi máa di ìparí oṣù Karùn-ún, wọn ò lè san ti San Diego Padres mọ́, líìgì fúnra rẹ̀ ló ń gbé eré wọn sáfẹ́fẹ́. Ihò tó lu níbẹ̀ ló ń dẹ́rù bà yín. Mo gbà pé ó yẹ kó dẹ́rù bà yín. Ṣùgbọ́n èwo ni ti eléré nínú ìyẹn? Àwọn àdéhùn tẹlifíṣọ̀n gbogbogbòò yín máa parí lẹ́yìn sáà 2028, ẹ sì fẹ́ kó ti ìbílẹ̀ pọ̀ mọ́ ọn kí ẹ lè tà á lápapọ̀. Àbá tó dáa ni. Ẹ bá Dodgers, Yankees àti Red Sox sọ ọ́ láàárín ara yín. Kí ẹ má ní kí eléré sanwó ìlàjà.

2. Àpò àjọpín tí ẹnikẹ́ni ò rí ìdí rẹ̀

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé fún àwọn tó ń ka lẹ́tà yìí tí wọn ò mọ bó ṣe ń lọ. Kíláàbù kọ̀ọ̀kan máa ṣírò owó tó wọlé fún un ládùúgbò rẹ̀: tíkẹ́ẹ̀tì, tẹlifíṣọ̀n ìbílẹ̀, oúnjẹ, ibi ìgbọ́kọ̀sí. Yóò yọ ìnáwó pápá ìṣeré kúrò, yóò sì fi ìdá 48 nínú ọgọ́rùn-ún èyí tó kù sínú àpò kan. Wọ́n á wá pín àpò náà lọ́gbọọgba sọ́nà ọgbọ̀n. Ẹni tó fi púpọ̀ sílẹ̀ máa gba díẹ̀, ẹni tó fi díẹ̀ sílẹ̀ máa gba púpọ̀. Owó tẹlifíṣọ̀n gbogbogbòò tún wà lọ́tọ̀, òun náà dọ́gba fún gbogbo yín.

Àdéhùn yín sọ ọ́ kedere pé ẹni tó bá gba owó yìí gbọ́dọ̀ fi tún kíláàbù rẹ̀ ṣe lórí pápá. Ó tún fi ìwọ̀n sí i: owó eléré kíláàbù bẹ́ẹ̀ kò gbọdọ̀ kéré sí ìlọ́po kan àbọ̀ ohun tó gbà nínú àpò, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, òun ló máa ṣàlàyé ara rẹ̀ tí ẹgbẹ́ eléré bá fẹ̀sùn kàn án. Ní 2018, ẹgbẹ́ eléré fẹ̀sùn kan kíláàbù mẹ́rin lórí ọ̀rọ̀ yìí: Miami, Oakland, Pittsburgh àti Tampa Bay. Láti ìgbà náà wá, kí ni aráàlú mọ̀? Ẹ ò tẹ iye tí kíláàbù kankan fi sílẹ̀ jáde, ẹ ò sì tẹ iye tí ẹnikẹ́ni gbà.

Ẹni tó bá ti dá àjọ rí mọ̀ pé alájọ tó gba owó lọ́wọ́ ọgbọ̀n ènìyàn, tí kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni wo káàdì, kò lè bínú bí wọ́n bá bẹ̀rẹ̀ sí í bi í léèrè. Ẹ̀yin sì tún fẹ́ kí àwọn eléré, tí wọn ò rí káàdì náà, wá gba gbèdéke látàrí ohun tí ẹ ní ó wà nínú rẹ̀.

Ẹ máa sọ pé kíláàbù kì í ṣe ilé iṣẹ́ ìjọba, pé àṣírí òwò ni. Ẹ wo Atlanta. Láti oṣù Keje 2023 ni Atlanta Braves Holdings ti dá dúró lórí ọjà ìpín ìdókòòwò, òfin sì mú un láti tẹ ìṣirò rẹ̀ jáde ní ìdámẹ́rin ọdún. Mílíọ̀nù 663 dọ́là ló wọlé fún wọn ní 2024, ó wà nínú ìwé tí ẹnikẹ́ni lè kà. Wọ́n yà á sọ́tọ̀ fúnni: èyí tó ti ibi bésíbọ́ọ̀lù wá, àti èyí tó ti ibi ilé ìtajà, ọ́fíìsì àti hòtẹ́ẹ̀lì tó yí pápá Truist Park ká wá, ibi tí wọ́n ń pè ní The Battery. Ojú ọ̀run ò ya lulẹ̀. Braves ṣì ń ra eléré, wọ́n ṣì ń ta tíkẹ́ẹ̀tì. Ohun tí òfin fi dandan mú ọ̀kan nínú yín ṣe, àwọn yòókù lè fi ìfẹ́ inú ṣe é.

Ọ̀rọ̀ The Battery yẹn ṣe pàtàkì ju bí ó ṣe rí lójú lọ. Owó ìjọba Cobb County, nǹkan bí mílíọ̀nù 300 dọ́là, ló bá wọn kọ́ pápá náà, ó ṣí ní 2017. Nítorí pé pápá wà níbẹ̀ ni ilé ìtajà àyíká rẹ̀ fi ń mówó wọlé. Ṣé owó bésíbọ́ọ̀lù ni àbí owó ilé? Bákan náà ni ti kíláàbù tí olówó rẹ̀ ní ìpín nínú ilé iṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n tó ń gbé eré rẹ̀, bíi Yankees pẹ̀lú YES, Red Sox pẹ̀lú NESN, Cubs pẹ̀lú Marquee. Olówó kan náà ló ń tà, òun náà ló ń rà. Ó lè ta ẹ̀tọ́ eré rẹ̀ ní ẹ̀dínwó fún ilé iṣẹ́ ara rẹ̀, kí owó tó yẹ kó wọ àpò àjọpín kéré. Ọ́fíìsì yín ló ń yẹ irú iye bẹ́ẹ̀ wò bóyá ó bá ọjà mu, ṣùgbọ́n ẹ̀yin nìkan lẹ rí i. Níbi tí àwọn líìgì mìíràn ti ní gbèdéke, wọ́n kọ́kọ́ túmọ̀ ohun tó ń jẹ́ owó tó wọlé pẹ̀lú ẹgbẹ́ eléré, ìdá kan pàtó nínú rẹ̀ ló sì jẹ́ ti eléré. Gbèdéke ìsàlẹ̀ tún wà, tí ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ ná owó tó kéré sí i. Ẹ ò lè mú ìdajì òfin NFL, líìgì bọ́ọ̀lù Amẹ́ríkà, kí ẹ fi ìdajì sílẹ̀.

3. Pittsburgh: ajubọ́ọ̀lù tó dáa jù lọ, kíláàbù tó pàdánù 91

Paul Skenes, ajubọ́ọ̀lù Pittsburgh, ni wọ́n kọ́kọ́ mú nínú dráfítì 2023, ètò tí àwọn kíláàbù fi ń yan ọ̀dọ́ eléré lọ́kọ̀ọ̀kan. Ní 2024 ó gba àmì ẹ̀yẹ ọ̀dọ́ eléré tó dáa jù lọ ní National League. Ní 2025 ó gba Cy Young, àmì ẹ̀yẹ ajubọ́ọ̀lù tó dáa jù lọ, kò sì sí olùdìbò kan tó dìbò fún ẹlòmíràn. Nínú ìníngì mẹ́sàn-án, ìpín mẹ́sàn-án tó ń parí eré kan, rọ́ọ̀nù (àmì ayò) 1.97 péré ni wọ́n ń rí gbà lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹ wá gbọ́ àbájáde rẹ̀: ó bẹ̀rẹ̀ eré 32, ó borí 10, ó pàdánù 10. Pittsburgh Pirates borí 71, wọ́n pàdánù 91. Ó ju bọ́ọ̀lù títí, àwọn tó ń gbá a fún un kò rí rọ́ọ̀nù gbà. Kíláàbù náà ò tíì dé ìpele àṣekágbá sáà láti 2015.

Owó oṣù Skenes láti ọwọ́ Pirates ní 2025 ò tó mílíọ̀nù kan dọ́là. Àpò mílíọ̀nù 50 tí gbogbo kíláàbù jọ ń dá fún àwọn ọ̀dọ́ eléré ló tó fún un ní èyí tó ju ìyẹn lọ. Nítorí náà, nígbà tí ẹ bá sọ pé owó eléré ló ń dí kíláàbù kékeré lọ́wọ́, ẹ jọ̀ọ́, owó eléré wo? Eléré tó dáa jù lọ nínú ilé yẹn, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ ọ̀fẹ́ ni wọ́n fi ní in.

Mi ò sọ pé olówó Pittsburgh kó owó jẹ. Ohun tí mò ń sọ ni pé kò sí bí a ṣe lè mọ̀. Bí ó bá ná gbogbo rẹ̀ sórí ilé ẹ̀kọ́ eléré ní Dominican Republic àti sórí àwọn oníṣègùn, ìwé owó máa gbè é. Bí kò bá sì ná an, ó yẹ ká mọ̀.

4. Oakland: ohun tí òfin yín fúnra rẹ̀ dá sílẹ̀

Àdéhùn 2016 bẹ̀rẹ̀ sí í yọ Athletics, kíláàbù Oakland, kúrò nínú àwọn tó ń gba owó àjọpín díẹ̀díẹ̀, títí tó fi di òfo ní 2020. Ti 2022 dá a padà fún wọn, ṣùgbọ́n ó fi ọjọ́ sí i: bí wọn ò bá ní àdéhùn pápá tuntun tó fìdí múlẹ̀ títí ọjọ́ 15 oṣù Kìíní 2024, wọ́n tún máa pàdánù rẹ̀. Ẹni tó bá mọ òwò máa rí ohun tí ìyẹn ń sọ. Kì í ṣe pápá tó dáa jù fún aráàlú ni aago náà ń lé kíláàbù lọ wá, pápá tó máa tètè fọwọ́ sí ni. Oakland ti ń jíròrò lórí pápá tuntun ní Howard Terminal, iṣẹ́ ńlá tí wọ́n ní ó máa tó bílíọ̀nù 12 dọ́là. Ní oṣù Kẹrin 2023, kíláàbù yí ojú padà sí Las Vegas.

Ní ọjọ́ 13 oṣù Kẹfà 2023, àwọn ọmọ Oakland kún Coliseum, pápá kíláàbù náà: ènìyàn 27,759, lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, láti wo kíláàbù tó máa borí 50 péré tó sì máa pàdánù 112 lọ́dún yẹn. Wọ́n wá sọ pé kì í ṣe àwọn ni kò fẹ́ wá, wọ́n sì ké sí John Fisher, olówó kíláàbù náà, pé kó ta kíláàbù. Lọ́jọ́ yẹn kan náà ni Ilé Aṣòfin Àgbà Nevada ń dìbò. Ọjọ́ méjì lẹ́yìn ìyẹn, ọjọ́ 15, ni Gómìnà Joe Lombardo fọwọ́ sí owó ìjọba tó tó mílíọ̀nù 380 dọ́là. Nígbà tí àwọn olùkọ́ Nevada fẹ́ kí aráàlú dìbò lé e lórí, ilé ẹjọ́ gíga jù ní ìpínlẹ̀ náà ní ìwé ẹ̀bẹ̀ wọn ò bófin mu. Ẹ̀yin náà dìbò ní ọjọ́ 16 oṣù Kọkànlá: 30 sí òdo. Ẹ ò tiẹ̀ gba owó ìṣípòpadà lọ́wọ́ rẹ̀.

Ibo ni kíláàbù tó gba World Series mẹ́rin ní Oakland wà báyìí? Ní Sutter Health Park, West Sacramento, pápá líìgì kékeré tó gba nǹkan bí 14,000 ènìyàn, tí wọ́n ń bá River Cats, kíláàbù líìgì kékeré, pín. Yàrá ìmúra àwọn eléré wà lẹ́yìn ògiri òde pápá, kò bá ibi tí wọ́n ń jókòó sí tan. Eléré tó bá fẹ́ pààrọ̀ bàtà tàbí tó fẹ́ wo fídíò bó ṣe gbá bọ́ọ̀lù rẹ̀, ó ní láti la orí koríko kọjá lójú gbogbo èrò. Wọ́n kọ́kọ́ fẹ́ fi koríko oníke síbẹ̀ nítorí kíláàbù méjì ló máa ń lò ó, ṣùgbọ́n ooru Sacramento nígbà ẹ̀ẹ̀rùn máa sun ẹsẹ̀ lórí rẹ̀. Ẹ̀yìn tí àwọn eléré fara ya ni wọ́n tó fi ti gidi sí i. Ọdún mẹ́ta ni wọ́n fẹ́ lò níbẹ̀, láti 2025 dé 2027. Kò sí orúkọ ìlú kankan níwájú orúkọ kíláàbù mọ́. Líìgì tó ní òun ń wá ìdíje tó dọ́gba ló fọwọ́ sí èyí láìsí ohùn kan tó takò ó.

5. Los Angeles: ìṣirò ni, kì í ṣe idán

Dodgers gba World Series ní 2024, wọ́n tún gba ti 2025. Owó luxury tax (owó ìtanràn tí kíláàbù ń san bí owó eléré rẹ̀ bá rékọjá ààlà kan) tí wọ́n san jẹ́ mílíọ̀nù 103 ní 2024, ó di mílíọ̀nù 169.4 ní 2025. Ti 2025 nìkan ju gbogbo owó eléré kíláàbù bíi Miami Marlins lọ. Ó yé mi ìdí tí èyí fi ń dun àwọn tó ń wo eré. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká wo bí wọ́n ṣe ṣe é dáadáa, kí oògùn má baà ju àrùn lọ.

Àdéhùn Shohei Ohtani, oṣù Kejìlá 2023: mílíọ̀nù 700 fún ọdún mẹ́wàá. Mílíọ̀nù 2 péré ló ń gbà lọ́dún nígbà tó bá ń ṣeré. Mílíọ̀nù 68 tó kù nínú ti ọdún kọ̀ọ̀kan, láti 2034 dé 2043 ni wọ́n máa tó san án, láìsí èlé. Nítorí pé dọ́là ọdún mẹ́wàá sí i ò tó dọ́là òní, òfin yín ní kí wọ́n dín in kù fún ìṣirò luxury tax. Níbi 70 lọ́dún, ó bọ́ sí nǹkan bí mílíọ̀nù 46. Mílíọ̀nù 24 ló yọ kúrò nínú ìṣirò. Dodgers ti rékọjá ààlà ju ọdún méjì lọ tẹ̀léra, ìdá 50 ni wọ́n sì ń san. Wọ́n tún wà ní ìpele òkè pátápátá, ó fi ìdá 60 kún un. Ìdá 110 nínú ọgọ́rùn-ún, ẹ ṣírò rẹ̀: ó lé ní mílíọ̀nù 26 dọ́là lọ́dún tí wọn ò ní san bí owó orí lórí ẹnì kan ṣoṣo.

Ṣé ìrẹ́jẹ ni? Lójú tèmi, rárá. Iye tí àdéhùn náà jẹ́ lónìí gan-an nìyẹn. Òfin tún ní kí kíláàbù ya owó náà sọ́tọ̀: láàárín ọdún méjì lẹ́yìn sáà tí eléré ṣiṣẹ́ fún un, iye tó tó o lónìí gbọ́dọ̀ ti wà nílẹ̀. Kì í ṣe pé wọ́n jẹ gbèsè lásán. Ibi tí ìṣòro wà ni pé kíláàbù tó ní mílíọ̀nù 330 lọ́dún láti tẹlifíṣọ̀n lè ya mílíọ̀nù 40 àti díẹ̀ sọ́tọ̀ láìmira, tí Kansas City ò ní lè ṣe é. A tún padà síbi owó tẹlifíṣọ̀n. Ẹ fi gbèdéke sórí ohun tí a lè sún síwájú, bóyá ìdajì owó àdéhùn, ọ̀rọ̀ á parí níbẹ̀. Kò gba títi ilẹ̀kùn.

Àwọn tó ń wo eré ò sì mọ ibi tí owó luxury tax ń lọ, ó yẹ kí wọ́n mọ̀. Mílíọ̀nù 3.5 àkọ́kọ́ wà fún ìrànwọ́ àwọn eléré. Ìdajì èyí tó kù bọ́ sínú owó ìfẹ̀yìntì wọn. Ìdajì kejì wà lọ́wọ́ yín, Ọ̀gbẹ́ni Kọmíṣọ́nnà, kí ẹ pín in fún àwọn kíláàbù tó ń gba owó àjọpín tí wọ́n bá fi hàn pé owó àdúgbò wọn yàtọ̀ sí ti tẹlifíṣọ̀n ti gòkè. Ta lẹ fún? Èló? A ò rí i.

Àwọn tó ń sọ pé gbèdéke ló ń mú ìdíje dọ́gba, kí wọ́n wo NFL, tó ti ní tirẹ̀ láti 1994: Kansas City Chiefs wà nínú Super Bowl (eré àṣekágbá NFL) márùn-ún nínú mẹ́fà, láti sáà 2019 dé 2024. Nínú bésíbọ́ọ̀lù, láti ìgbà tí Yankees gba ti 2000, kíláàbù kankan ò gba World Series lẹ́ẹ̀mejì tẹ̀léra títí Dodgers fi ṣe é ní 2025. Lọ́dún náà gan-an, Milwaukee Brewers, tó wá láti ọ̀kan nínú àwọn ọjà tó kéré jù, ló borí jù nínú gbogbo líìgì: 97. Òótọ́ ni pé Dodgers nà wọ́n 4 sí òdo nígbà tó kù díẹ̀ kí wọ́n dé World Series. Síbẹ̀, Milwaukee náwó sórí àwọn tó ń wá eléré àti àwọn tó ń kọ́ wọn, ó sì hàn.

6. Ọjọ́ 172

Kúkúrú ni èyí. Ọjọ́ 172 tí eléré bá lò nínú líìgì ńlá ló ń jẹ́ ọdún kan nínú ìwé yín, ọdún mẹ́fà ni eléré máa fi wà lábẹ́ kíláàbù kó tó lè lọ síbi tó wù ú. Ní 2015, Chicago Cubs fi Kris Bryant sí líìgì kékeré títí dé ọjọ́ 17 oṣù Kẹrin. Ó parí sáà pẹ̀lú ọjọ́ 171. Òun ló gba àmì ẹ̀yẹ ọ̀dọ́ eléré tó dáa jù lọ́dún yẹn, ọjọ́ kan ṣoṣo sì sọ ọdún mẹ́fà di méje. Ó fẹ̀sùn kàn wọ́n, onílàjà dá a lẹ́bi ní oṣù Kìíní 2020. Ẹ ti fún ẹni tó bá ṣe ipò kìíní tàbí ìkejì nínú ìdìbò ọ̀dọ́ eléré ní ọdún kíkún báyìí, ó sì ran Skenes lọ́wọ́. Ti ẹni tó bá ṣe ipò kẹta ńkọ́? Kíláàbù ṣì lè fi ẹni tó tó gbangba sùn lọ́yẹ́ sí líìgì kékeré fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan, kó sì jèrè ọdún kan lórí rẹ̀. Àwọn tó ń ra tíkẹ́ẹ̀tì oṣù Kẹrin ló ń jìyà rẹ̀ pẹ̀lú.

7. Líìgì kékeré àti ààbò tí ẹ ń gbádùn lábẹ́ òfin

Ní oṣù Karùn-ún 1922, Ilé Ẹjọ́ Gíga Jùlọ Amẹ́ríkà ní òfin tó ní kí àwọn oníṣòwò má pawọ́ pọ̀ pa ìdíje kò kan bésíbọ́ọ̀lù. Wọ́n tún un sọ ní 1953, wọ́n tún un sọ nínú ẹjọ́ tí eléré Curt Flood pè ní 1972. Òfin tí wọ́n fi orúkọ Flood pè ní 1998 ṣí i fún àwọn eléré líìgì ńlá nìkan. Kò sí líìgì mìíràn ní Amẹ́ríkà tó ní irú ààbò yìí. Àwọn aṣòfin ló lè gbà á padà, ẹ sì mọ̀ bẹ́ẹ̀, ìdí nìyẹn tí ẹ fi ń ná owó sórí àwọn tó ń bá yín rọ̀ wọ́n.

Ẹ wo ohun tí ẹ fi ààbò náà ṣe. Ní oṣù Kẹta 2018, wọ́n ki Save America's Pastime Act bọ inú òfin ìnáwó gbogbogbòò, kí òfin owó oṣù tó kéré jù má baà kan ọmọ líìgì kékeré bó ṣe kan àwọn òṣìṣẹ́ yòókù. Ní òpin 2020, ẹ gé kíláàbù tó so mọ́ líìgì ńlá kúrò ní 160, ó di 120. Ní 2022, ẹ gbà láti san mílíọ̀nù 185 dọ́là láti fi parí ẹjọ́ owó oṣù tí àwọn eléré náà pè. Ìgbà tí wọ́n dara pọ̀ mọ́ ẹgbẹ́ eléré ní 2022, tí wọ́n sì ṣe àdéhùn àkọ́kọ́ ní 2023, ni ẹni tó wà ní Double-A, ìpele kejì láti òkè nínú líìgì kékeré, tó ń gba 30,250 dọ́là lọ́dún, tí ti Triple-A, ìpele òkè, sì di 35,800. Àwọn ọmọ wa wà níbẹ̀ pẹ̀lú: Demi Orimoloye, tí wọ́n bí ní Nàìjíríà tó sì dàgbà ní Kánádà, Milwaukee mú un ní ìpele kẹrin dráfítì 2015, ó sì lo ọ̀pọ̀ ọdún nínú líìgì kékeré kí owó yìí tó gòkè. Àwọn òbí Yorùbá ní Ottawa, Houston tàbí Maryland tí ọmọ wọn ń ju bọ́ọ̀lù dáadáa, ó yẹ kí wọ́n mọ irú ọjà tí wọ́n ń rán an lọ.

8. Ohun tí a ń béèrè

Kí ẹ tó sọ̀rọ̀ gbèdéke, kí ẹ tẹ iye tí kíláàbù kọ̀ọ̀kan fi sínú àpò àjọpín àti iye tó gbà jáde láti ọdún 2022 títí di òní, kíláàbù sí kíláàbù, ọdún sí ọdún. Kí ẹ fi ti owó luxury tax tó wà lọ́wọ́ Kọmíṣọ́nnà kún un.

Kí ẹ jẹ́ kí aṣàyẹ̀wò owó tí ẹ̀yin àti ẹgbẹ́ eléré jọ yàn wo ìwé gbogbo kíláàbù, títí kan tẹlifíṣọ̀n tó jẹ́ ti olówó kíláàbù àti ilé òwò tó yí pápá ká níbi tí owó aráàlú bá ti wọ ìkọ́lé.

Kí gbèdéke ìsàlẹ̀ kọ́kọ́ wà. Ní oṣù Kẹjọ 2021, ẹ dábàá 100 mílíọ̀nù, ṣùgbọ́n ẹ fẹ́ fa ààlà luxury tax wálẹ̀ sí mílíọ̀nù 180 nígbà tó wà ní 210. Ẹ fi ọwọ́ kan fúnni, ẹ fi èkejì gbà á padà. Ẹ mú ti ìsàlẹ̀ wá láìfi so mọ́ ohunkóhun. Kíláàbù tí kò bá ná tó o, kí iye tó kù di ti àwọn eléré rẹ̀ àti ti àwọn ọmọ líìgì kékeré rẹ̀.

Kí ẹ yọ ìṣirò ọjọ́ 172 kúrò. Ẹ lo ọjọ́ orí tàbí iye ọdún láti ìgbà tí eléré fọwọ́ sí àdéhùn àkọ́kọ́, kí ó má sí èrè fún ẹni tó ń fi eléré pamọ́.

Kí kíláàbù kankan má tún ṣí kúrò ní ìlú kan láìjẹ́ pé ìṣirò ọdún mẹ́wàá rẹ̀ ti wà níta fún oṣù mẹ́fà ṣáájú ìdìbò yín, kí aráàlú ibi tó ń lọ àti ibi tó ń kúrò lè kà á.

Bí ẹ bá sì pinnu pé ẹ máa ti ilẹ̀kùn ní oṣù Kejìlá láìṣí ìwé kankan, ohun tí a máa béèrè lọ́wọ́ àwọn aṣòfin tó ń ṣojú wa ní Washington ni pé kí wọ́n gba ààbò 1922 padà pátápátá, fún líìgì ńlá àti kékeré, kí ilé ẹjọ́ lè pàṣẹ kí ẹ kó ìwé náà wá.

Èmi ni tiyín,
Ọmọ Yorùbá kan tó ń wo bésíbọ́ọ̀lù ní Amẹ́ríkà